Ajẹ́ǹtì ní òun ní sílọ́ọ̀tì fásitì lọ́wọ́: báwo la ṣe ń dá ojúlówó àdímíṣọ̀n mọ̀ kí owó tó kúrò lápò?

Ìyá Àbẹ̀ní béèrè:

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó mọ inú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé fásitì dáadáa ni mo ń wá, kó jọ̀ọ́ là mí lóye.

Lásìkò tí lísìtì ń jáde báyìí, àwọn kan ń lọ bá òbí kiri, wọ́n ń pe ara wọn ní ajẹ́ǹtì. Wọ́n ní ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé tó ní sílọ́ọ̀tì, ìyẹn àyè ìgbaniwọlé, lọ́wọ́. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ₦400,000 ni wọ́n ń pè: ìdajì ṣáájú, ìdajì tí orúkọ bá jáde. Wọ́n ní bí kò bá bọ́ sí i, kọ́bọ̀ kan ò ní ṣòfò, àwọn á dá gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n tún ń béèrè ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù JAMB ọmọ, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn á ti fi í sórí lísìtì.

Ká ní ọmọ gba 243 nínú UTME (ìdánwò JAMB), WAEC rẹ̀ pé ní ìjókòó kan, CAPS, ojú ewé JAMB tí a ti ń wo àdímíṣọ̀n, sì ń kọ "Not Admitted" sí i síbẹ̀. Kí la fi ń mọ̀ pé àdímíṣọ̀n kan jẹ́ ojúlówó? Ẹni tó ní òun á dá owó padà, ṣé kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn? Ọmọ tó bá sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, tó ti ń lọ sí kíláàsì, kí ló ń dé bá a nígbà tó bá yá?

Alákọ̀wé Ìjẹ̀bú dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n mú èkejì ṣáájú, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n wọn wà.

"A ó dá owó padà" yẹn gan-an ni òwò náà. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ká ní ajẹ́ǹtì kan gba ₦200,000 lọ́wọ́ òbí ogún. Mílíọ̀nù mẹ́rin nìyẹn. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní fásitì, ilé rẹ̀ ló jókòó sí. Nígbà tí lísìtì bá jáde, ọmọ méje tàbí mẹ́jọ nínú ogún yẹn á bá orúkọ wọn níbẹ̀, nítorí pé máàkì wọn tó o. Òbí wọn á sáré san ìdajì tó kù, wọ́n á tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á máa júwe rẹ̀ fún aládùúgbò. Àwọn tó kù, á ní kí wọ́n ní sùúrù de lísìtì kejì, lẹ́yìn náà lísìtì àfikún, títí á fi rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá pariwo jù ni á dá owó fún, díẹ̀díẹ̀, láti inú owó ẹlòmíràn. Ohun tó jẹ́ ti ọmọ tẹ́lẹ̀ ló tà fún ọmọ.

Ẹ fetí sí ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Èló ni ọmọ gbà?" Bí sílọ́ọ̀tì bá wà lóòótọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi máàkì ṣe? Wọ́n ń ṣà wọ́n ni. Ọmọ tó gba 160 tó sì fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì kì í wù wọ́n, àfi tí òbí rẹ̀ bá gbà kí wọ́n yí i sí kọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni ò dù. Irú ọmọ tó gba 243 yìí ni wọ́n ń wá, torí ó ṣeé ṣe kó wọlé láìsí wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọkàn sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ ṣírò máàkì ọmọ fúnra yín. Fásitì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ní UNILAG, UTME kó 50, post-UTME (ìdánwò tí fásitì fúnra rẹ̀ ń ṣe) kó 30, èsì O'level (bíi WAEC) kó 20. Ẹ pín 243 sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó di 30.375. Ká ní ó gba 21 nínú 30 ti post-UTME. Ní ti O'level, iṣẹ́ márùn-ún tó bá kọ́ọ̀sì náà mu ni wọ́n ń kà: A1 jẹ́ 4.0, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2.0. Bí ọmọ bá ní A1 kan, B2 méjì, B3 kan, C4 kan, 17.2 nìyẹn. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 68.575. Ní UI, ohun méjì péré ni wọ́n ń rò pọ̀: UTME tí a pín sí mẹ́jọ, àti ìdajì máàkì post-UTME. Ọmọ yìí kan náà, bó bá gba 58 nínú 100 níbẹ̀, 30.375 àti 29 ni, ìyẹn 59.375. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kátọ́ọ̀fù (máàkì tó kéré jù tí wọ́n gbà) ẹ̀ka náà ní ọdún tó kọjá, èyí tí fásitì fúnra rẹ̀ gbé jáde, kì í ṣe èyí tó ń kiri lórí WhatsApp.

Kátọ́ọ̀fù tí JAMB ń kéde ń ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà. Ní 2025, 150 ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún fásitì. Ẹnu ọ̀nà ọgbà lásán nìyẹn, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yàrá. Òbí tó gbọ́ 150 lórí rédíò, tí ọmọ rẹ̀ sì gba 190, á rò pé wọ́n yan ọmọ òun jẹ ni. Inú ìbínú yẹn ni ajẹ́ǹtì ti ń bá a.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní fásitì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti máàkì nìkan, ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí fásitì náà ká, ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Kwara àti Kogi wà nínú ìyẹn. Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀fà lè fi máàkì tó rẹlẹ̀ díẹ̀ wọ ibi tí ọmọ Òṣogbo ò rí wọ̀, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gba ẹ̀gúnjẹ. Àmọ́ ẹ ka àwọn ìdá náà dáadáa: 45, 35 àti 20, ọgọ́rùn-ún ti pé. Kò sí ìdá kankan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ lísìtì ọ̀gá.

Èyí náà ló bí jìbìtì mìíràn. Àwọn kan ń ra lẹ́tà ọmọ bíbí ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, kí ọmọ lè bọ́ sínú ìdá 35 tàbí 20. Wọ́n máa ń wo lẹ́tà yẹn nígbà kílíránsì, wọ́n sì máa ń fi wé ohun tí ọmọ kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Bí wọn ò bá bára mu, àdímíṣọ̀n lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, kódà kó ti lo ọdún méjì níbẹ̀.

Tíṣà Fíṣíìsì dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Alákọ̀wé ti là á. Èmi fẹ́ dúró lórí CAPS àti pásíwọ́ọ̀dù.

Lẹ́tà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè ṣe lẹ́tà tó ní àmì fásitì àti òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Láti 2017 tí JAMB ti bẹ̀rẹ̀ CAPS, inú rẹ̀ ni gbogbo àdímíṣọ̀n ń gbà kọjá. Ọ́fíìsì ìgbaniwọlé fásitì á dábàá orúkọ. Ọ̀gá àgbà fásitì á fọwọ́ sí i. Ó á dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ JAMB tí fásitì yẹn wà lábẹ́ rẹ̀. Olórí ẹ̀ka ìgbaniwọlé JAMB á fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni ọmọ á tó rí i pé wọ́n ti fún òun ní àyè, á sì tẹ Accept tàbí Reject. Ẹ wò ó, kí ó tó kan ọmọ, kò síbi tí wọ́n ti nílò pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kó lè "fi í sórí lísìtì", irọ́ ló ń pa. Kò sí bọ́tìnì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ewé ọmọ.

Ohun tó lè fi pásíwọ́ọ̀dù ṣe rèé. Ó lè yí kọ́ọ̀sì ọmọ sí ibi tí àyè ṣófo, kí orúkọ lè jáde níbẹ̀, kó wá ní òun ti ṣiṣẹ́ òun. Ó lè yí pásíwọ́ọ̀dù náà padà, kó fi ojú ewé ọmọ ṣe ohun ìdógò títí ẹ ó fi san owó tó kù. Ó sì lè tẹ Reject bí ìjà bá dé. Bí Reject bá ti wọlé, àyè yẹn ti lọ nìyẹn, ọmọ mìíràn ni wọ́n ń fún.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà wò ó: ẹ lọ sí efacility.jamb.gov.ng, kí ọmọ fi ímeèlì rẹ̀ wọlé, ẹ tẹ Check Admission Status, ẹ yan ọdún ìdánwò, ẹ tẹ Access my CAPS. Lórí fóònù, àwọn àkọlé ẹ̀gbẹ́ òsì kì í sábà hàn. Ẹ tẹ ojúami mẹ́ta òkè Chrome, ẹ yan Desktop site, gbogbo rẹ̀ á jáde. Kí ẹ tó tẹ Admission Status, ẹ kọ́kọ́ tẹ ibi tí wọ́n kọ O'level sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù, kò sì kan rìbá rárá. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún UTME kí èsì WAEC tó jáde ti kọ "awaiting result" sílẹ̀. Èsì jáde lẹ́yìn náà, àmọ́ kò padà lọ gbé e sórí CAPS. Fásitì ń wò ó bí ẹni tí kò ní O'level, wọn ò lè dábàá rẹ̀, ó sì ń rí "Not Admitted" lójoojúmọ́. Ilé ìdánwò CBT tí JAMB fọwọ́ sí, tàbí ọ́fíìsì JAMB ní ìpínlẹ̀ yín, ló ń gbé e sókè, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ajẹ́ǹtì tó gbọ́n á gba ogún ọ̀kẹ́ lọ́wọ́ òbí, á lọ gbé O'level sókè fún un, orúkọ á jáde, ìdílé yẹn á sì gbà títí ayé pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Ó dùn mí púpọ̀, torí ọmọ náà fúnra rẹ̀ á gbà pé òun ò tó o.

Ó tún ku àwọn tó ń polówó pé àwọn lè "gbé máàkì sókè". Fásitì kì í gba èsì lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀dọ̀ JAMB ló ti ń mú un tààrà. Ìwé tí wọ́n yí lórí fóònù ò yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Ní 2023, ìwé èsì kan tó gbé 362 gba orí ìròyìn káàkiri. 249 ni èsì náà gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èsì, ẹ fi nọ́ńbà tí ọmọ fi forúkọ sílẹ̀ tẹ UTMERESULT ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Ohun tí JAMB bá fi dáhùn ni èsì.

Ìyá Àbẹ̀ní:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará wa. Mi ò mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń wo O'level wà níbẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kẹta mi ṣì wà nílẹ̀: ọmọ tó ti ń lọ sí kíláàsì, tó ti ní nọ́ńbà matric ńkọ́? Àwọn kan ní tí ọmọ bá ti wọlé, ó parí.

Ọ̀rọ̀ Gidi dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ta ko ohun kan. Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ajẹ́ǹtì ló ń purọ́, tí kò sí òṣìṣẹ́ tó ń gba owó. Ó wà. Wọ́n ń gba owó fún lísìtì àfikún, wọ́n ń gba owó láti yí ọmọ sí ẹ̀ka mìíràn, wọ́n sì ń gba owó kí wọ́n lè gbójú kúrò lára ìwé tí kò pé nígbà kílíránsì. Bí a bá ní kò sí, ọ̀rọ̀ wa ò ní wọ òbí létí, torí wọ́n mọ ẹni tó ṣe é tó sì bọ́ sí i.

Alákọ̀wé Ìjẹ̀bú:

Òótọ́ lẹ sọ, mo gbà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tà gan-an. Ó lè tẹ orúkọ síwájú láàárín àwọn tó ti kọjá kátọ́ọ̀fù. Kò lè gbé ẹni tí kò tó o gba CAPS kọjá kó má hàn, torí orúkọ, máàkì àti ìpínlẹ̀ wà lójú ewé kan náà tí JAMB ń wò. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí kò tó o ló ti gbowó, ẹ̀yìn CAPS ló máa gbé e gbà: á fún un ní lẹ́tà fásitì, á jẹ́ kó san owó ilé-ẹ̀kọ́, á ní "ti JAMB á yanjú tó bá yá". Kò ní yanjú. Kí Lọ́yà bá wa tẹ̀ síwájú níbẹ̀.

Lọ́yà Àdúgbò dáhùn:

Ìyá wa, kò parí. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó parí ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí kò sí lórí CAPS lè jókòó ní kíláàsì, ó lè ṣe ìdánwò, ó lè ní nọ́ńbà matric. Ibi àkọ́kọ́ tó ti ń kọsẹ̀ báyìí ni owó àyálò tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024: nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà matric àti NIN ni wọ́n fi ń wá ọmọ, tí wọn ò bá sì bára mu, fọ́ọ̀mù ò lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń gba èyí sí wàhálà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibi kejì ni sísin ilẹ̀ bàbá. Kí ẹnikẹ́ni tó di àgùnbánirọ̀, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú lísìtì èsì tí Sẹ́nẹ́ètì fásitì fọwọ́ sí, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì bá ti JAMB mu. Ọmọ ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ra bàtà funfun, orúkọ tirẹ̀ ò jáde. Láìsí ìwé NYSC tàbí ìwé ìyọ̀ǹda, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ò ní dá a lóhùn.

Àwọn ajẹ́ǹtì á sọ fún yín pé "regularisation" wà, ìyẹn kí JAMB padà fọwọ́ sí àdímíṣọ̀n tí kò gba CAPS kọjá. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Láàárín 2017 sí 2020, ọmọ tó lé ní 700,000 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbà láìgba CAPS kọjá, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ ti àwọn pólì. Nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ìjọba dárí jì wọ́n, wọ́n sì sọ fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pé irú rẹ̀ ò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Ẹni tó bá ń fi ìdáríjì yẹn polówó ọjà lónìí, ohun tó ti kọjá ló ń tà.

Ní ti òfin, ẹ̀yin tó ń fún ni náà wà nínú rẹ̀. Òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ọdún 2000 mú ẹni tó fún ni bó ṣe mú ẹni tó gbà. Òfin yẹn kan náà ní ẹni tí wọ́n bá béèrè rìbá lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ICPC tàbí ọlọ́pàá létí. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́ láti gba owó, òfin ọdún 2006 tó wà fún gbájúẹ̀ ló ń bá a wí: kò dín ní ọdún méje lẹ́wọ̀n, kò ju ogún lọ, kò sì sí àǹfààní owó ìtanràn. Ẹ tún mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ kì í bá ènìyàn gba owó tó fi ra ohun tí òfin kọ̀. Ìwé àdéhùn tí ajẹ́ǹtì bá yín kọ, tó fọwọ́ sí, tó ní "n ó dá owó padà", kò ní agbára kan níwájú adájọ́. Ajẹ́ǹtì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló fi ń yá a lára láti kọ ọ́.

Ọmọ Kétu dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀hún ẹnubodè kún un, torí àwọn ajẹ́ǹtì kan náà ló ń sọ pé "bí JAMB bá kọ̀, ẹ jẹ́ ká gba Kútọnu". Mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sílẹ̀.

Ní òpin 2023, akọ̀ròyìn Umar Audu ti Daily Nigerian kọ bí òun ṣe gba dìgírì lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì fi ṣe NYSC. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba dìgírì orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, fásitì mẹ́jọ péré ni wọ́n gbà, márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Togo. Ó bani nínú jẹ́ fún àwa tó mọ̀ pé Benin ní fásitì gidi. Abomey-Calavi wà níbẹ̀, Parakou wà níbẹ̀, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kétu níbí, ọmọ sì ń forí ṣe kó tó jáde níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ayédèrú, ìbéèrè mẹ́rin ni. Èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ni? Fásitì ìjọba Benin, Faransé ni; ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni òun ń lò, ẹ wádìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé wọ́n ń béèrè èsì ìdánwò girama tó bá BAC, ìdánwò àṣejáde girama tiwọn, mu, àbí fọ́tò páspọ́ọ̀tù àti owó nìkan? Bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ń jókòó fún ìdánwò ìjọba Benin fún Licence, ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́ tiwọn? Dìgírì aládàáni tí kò gba inú ìdánwò yẹn kọjá, ìjọba Benin pàápàá ò kà á sí. Ìkẹrin: ọdún mélòó? Licence jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun á fi yín sí "300 level" lọ́jọ́ tí ẹ dé, tí kò wo ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Tíṣà Fíṣíìsì:

Mo gbàgbé èyí, ó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Jìbìtì ti kúrò ní kí ẹnìkan kàn wọlé jókòó fún ẹlòmíràn. Nínú ìdánwò 2025, ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ rí ju 4,000 ìtẹ̀ka àdàpọ̀: níbi ìforúkọsílẹ̀, ọmọ á tẹ ìka kan, ẹni tó fẹ́ bá a ṣe ìdánwò á tẹ òmíràn sórí orúkọ kan náà, kí ẹ̀rọ lè gba èyíkéyìí wọn wọlé lọ́jọ́ ìdánwò. Wọ́n tún rí ju 1,800 tó fi irọ́ kọ pé àfín ni àwọn. Tí ilé CBT kan bá ní kí ọmọ jókòó síta, kí "ọ̀gá" bá a tẹ ìka díẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ.

Ọmọ Ìyá Alákàrà:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti san owó ńkọ́? Ìdajì ti lọ, ajẹ́ǹtì ò gbé fóònù mọ́.

Lọ́yà Àdúgbò:

Ẹ yára, ọjọ́ kan ṣe pàtàkì. Ẹ pe ilé ìfowópamọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n so yín mọ́ ẹ̀ka tó ń bójú tó jìbìtì, kì í ṣe ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè lásán. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì oní-mẹ́wàá tí owó lọ sí, iye, ọjọ́, wákàtí, àti nọ́ńbà ìdúnàádúrà tó wà lórí rìsíìtì. Bí owó bá ṣì wà nínú àkáǹtì yẹn, wọ́n lè dè é. Bí wọ́n bá ti gbà á jáde, ó le.

Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ má sì bá a jà lórí rẹ̀ kó má baà pa tirẹ̀ rẹ́. Ẹ tẹ Export chat, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Kí ẹ tó lọ sí tésàn tàbí ICPC, ẹ rí agbẹjọ́rò. Ẹni tí kò lówó lè lọ sí Legal Aid Council ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí wọ́n purọ́ fún pé owó tó ń wọ àpò fásitì ni òun ń san, àti ẹni tó mọ̀ pé rìbá ni. Agbẹjọ́rò ló lè wo rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ inú fóònù, kó sọ ìhà tí ẹ wà kí ẹ tó la ẹnu.

Fún ẹni tí kò tíì san: owó tòótọ́ tó ń lọ sí fásitì, orí pọ́tà fásitì ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà ìsanwó. Bó bá jẹ́ Remita, nọ́ńbà méjìlá ni RRR (nọ́ńbà ìsanwó) rẹ̀, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ á sì hàn kí ẹ tó tẹ ìsanwó. Bó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn lẹ rí níbẹ̀, ẹ dúró.

Ìyá Àbẹ̀ní:

A ti ṣí CAPS bí Tíṣà ṣe wí, a yan Desktop site. Níbi O'level, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ṣófo. Ọmọ ti yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Ilé CBT ló kàn láàárọ̀ ọ̀la, ìwé WAEC ti wà nínú báàgì.